Ta Ló Sọ Pé Schioppettino Kì Í Ṣe Wáìnì Gidi?

Ìjà ni mo gbé wá lóṣù yìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìjà ọ̀hún kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó oṣù. Ìjà lórí ọtí ni. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó tètè rín in tán, kí a lè ráyè sọ̀rọ̀.

Manzano ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú kékeré kan ni Manzano, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Ítálì níbi tí ó ti fẹ́ kan ilẹ̀ Slovenia, ní àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Friuli. Àga ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bí ẹ bá ti jókòó lórí àga onígi nílé oúnjẹ kan rí ní ìlú òyìnbó, ó lè jẹ́ pé Manzano tàbí àwọn ìlú tó yí i ká ni wọ́n ti kàn án. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ àga wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti lọ lo ìsinmi mi. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀, òyìnbó ni, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rẹ́ igi àga kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá yìí mú ọmọ wa bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. "Nonno" ni ọmọ wa ń pè é, ìyẹn ni bàbá àgbà ní èdè wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá pè wá wá jẹun. Ó gbé polenta kalẹ̀, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò nínú ìkòkò títí ó fi le. Ẹni tó bá mọ túwó àgbàdo ti mọ̀ ọ́n. Ó gbé frico kalẹ̀, wàràkàṣì àti ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n dín pọ̀ títí ara rẹ̀ fi pọ́n. Ó gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ igbó kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbé bọ́tìlì kan gòkè wá tí eruku bò. Ó ń fi aṣọ nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Wọ́n kọ Schioppettino sí ara rẹ̀.

Ọ̀gá kan wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ náà. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, àga ni ó wá rà fún òtẹ́ẹ̀lì nílé, ọmọ wa ló ń mú un kiri. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá gba bọ́tìlì náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé bàtà ọmọdé kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní, "Kí lèyí? N ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ṣé kò sí Barolo nílé yìí ni? Ó kéré tán, Chianti ńkọ́?"

Yorùbá ni ó fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Barolo kò ní ògbufọ̀, Chianti náà kò ní. Bàbá ti gbọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó lọ sí ilé oúnjẹ tó wà nígun òpópónà, ó sì fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra Chianti wá fún àlejò rẹ̀.

Èmi ńkọ́? Èmi akọ̀wé inú ìwé ìròyìn, èmi tí mo ń pariwo òtítọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ni mo ṣe? Ẹ̀rín músẹ́ ni mo rín. Mo bá ọ̀gá rẹ́rìn-ín nítorí ọ̀gá ni. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní, òun ni mo sì ń san gbèsè rẹ̀ níbí.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, nígbà tí ọ̀gá ti wọ ọkọ̀ lọ, Bàbá ṣí bọ́tìlì rẹ̀ fún èmi àti ọmọ wa. Ohun tí mo tọ́ wò lọ́jọ́ náà, n ó sọ ọ́ tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ̀gá lóhùn, nítorí ó fi gbólóhùn kan sílẹ̀ kí ó tó wọkọ̀, gbólóhùn náà kò sì jẹ́ kí n sùn. Ó ní, "Tó bá dáa ni, a ó ti gbọ́ orúkọ ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀gá. Òkìkí kì í ṣe ọmọ adùn nìkan, ọmọ ọba àti ọmọ oníṣòwò náà ni. Chianti tí ẹ ń wí yẹn, ní 1716, Cosimo Kẹta ti ìdílé Medici, tó jẹ́ olórí ilẹ̀ Tuscany, fúnra rẹ̀ ló fi òfin pààlà ibi tí wọ́n ti lè ṣe é. Ìtòsí Florence ni ó wà, ìlú olówó, ìlú àwọn oníṣòwò. Barolo náà, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Piedmont ló gbé e sókè ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọtí náà sì rọra wọ ààfin. N kò sọ pé wọn kò dára o! Barolo tó ti gbó dáadáa, ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ ẹ, kí ó gbé e wá fún mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn méjèèjì ní bàbá ìsàlẹ̀.

Ta ni bàbá ìsàlẹ̀ Schioppettino? Kò ní. Àwọn àgbẹ̀ orí òkè ló ni ín. Prepotto ni orílé rẹ̀, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Judrio, àti àwọn abúlé rẹ̀ bí Albana àti Cialla. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé láti 1282 ni wọ́n ti ń fi wáìnì rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó. Ní tirẹ̀, orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí kí nǹkan máa ta, kí ó máa dún pò, pò. Àwọn kan ní nítorí awọ èso náà ni, tó máa ń bẹ́ lẹ́nu bí a bá ti kán an léyín. Àwọn mìíràn ní nítorí pé láyé àtijọ́, wáìnì náà a tún máa hó nínú bọ́tìlì bí ẹmu àárọ̀. Àwọn ará Slovenia tó wà lódìkejì òkè ń pè é ní Pokalca, ìtumọ̀ kan náà sì ni. Sìkiọpẹtíínò ni kí ẹ pè é, ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà dẹ́rù bà yín.

Ẹ wá wo ohun tí ojú èso yìí rí. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àrùn kan wọ inú ọgbà àjàrà Yúróòpù, tó máa ń hu funfun bí ìyẹ̀fun lára ewé àti èso. Kò pẹ́ sí i ni kòkòrò kan dé láti Amẹ́ríkà, phylloxera ni wọ́n ń pè é, kòkòrò bíńtín tó ń jẹ gbòǹgbò. Ó jẹ ọgbà àjàrà ilẹ̀ Faransé, ó jẹ ti Ítálì, ó jẹ ti ibi púpọ̀. Oògùn kan ṣoṣo tí wọ́n rí ni pé kí wọ́n gbin gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò rí ṣe, kí wọ́n sì lọ́ ẹ̀ka àjàrà Yúróòpù mọ́ ọn lórí. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo àgbẹ̀ ní láti tún ọgbà gbìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń tún ọgbà gbìn, tí owó kò sì sí lọ́wọ́, kí ni yóò gbìn? Èyí tó ń so púpọ̀ ni, èyí tí kì í yọ ni lẹ́nu. Merlot àti Cabernet láti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n gbìn. Schioppettino máa ń pẹ́ kí ó tó pọ́n, ó sì máa ń já ni kulẹ̀ lọ́dún mìíràn, nítorí náà ẹ̀yìn ni wọ́n tì í sí.

Ogun tún dé bá a. Láti 1866 ni odò Judrio yẹn ti jẹ́ ààlà láàárín Ítálì àti ilẹ̀ ọba Austria. Nígbà tí Ítálì wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1915, itòsí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jà, lẹ́bàá odò Isonzo. Ní oṣù kẹwàá 1917, wọ́n ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ítálì ní Caporetto, wọ́n sì sá la gbogbo àgbègbè náà kọjá. Ta ló ń rántí tọ́jú àjàrà nígbà tí àgbá ń dún? Ogun Kejì tún dé lẹ́yìn èyí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ìṣẹ́ lé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kúrò nílé. Àwọn kan lọ wa èédú ní Bẹ́ljíọ̀m, àwọn kan lọ sí Switzerland, àwọn kan kọjá òkun lọ sí Argentina. Àwọn tó dúró sún mọ́ ilé lọ ń kan àga ní Manzano. Àwọn arúgbó nìkan ló kù lórí òkè, pẹ̀lú àjàrà kan níhìn-ín, àjàrà kan lọ́hùn-ún.

Ohun tó wá ká mi lára jù lọ nìyí, ẹ dákun ẹ fetí sí i. Lẹ́yìn kòkòrò, lẹ́yìn ogun, lẹ́yìn ìṣẹ́, ìjọba náà tún dé. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ ṣe ìwé kan ní 1970, wọ́n kọ orúkọ àwọn èso àjàrà tí ènìyàn lè gbìn ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbìn ín fún wáìnì títà. Orúkọ Schioppettino kò sí níbẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Èso tí bàbá rẹ gbìn, tí bàbá bàbá rẹ gbìn, lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí ọ sí, tí ó bá gbìn ín ní tìrẹ, arúfin ni ọ́. Merlot tó jẹ́ àlejò láti Faransé, òun ní ìwé ìgbélùú. Ẹni tó kọ ìwé náà, tábìlì ló jókòó tì, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀nà Prepotto. Ọ̀gá mi tó ń wá Chianti, ẹ tún gbọ́: òfin ló dáàbò bo Chianti, òfin kan náà ló ti Schioppettino ṣubú. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀yin wá ń béèrè ìdí tí ẹ kò fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Àwọn tó gbà á lọ́wọ́ ikú kì í ṣe ìjòyè. Ní ọdún 1970 kan náà, Paolo Rapuzzi àti ìyàwó rẹ̀ Dina ra oko kan tí wọ́n ti pa tì ní àfonífojì Cialla. Ronchi di Cialla ni wọ́n pe oko náà. Wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé èso kan wà tí wọ́n ń fi ṣe wáìnì pupa tó ta sánsán níbẹ̀ rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Bernardo Bruno, tó jẹ́ olórí ìlú Prepotto nígbà náà, bá wọn wá a. Wọ́n lọ láti oko dé oko, láti ẹ̀yìnkùlé dé ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo igi Schioppettino tí wọ́n rí, bí 60 sí 70 ni. Ní gbogbo àgbègbè náà! Ẹni tó ń kà á kò ní tíì rẹ̀ kí ó tó kà á tán. Láti ara ìwọ̀nyẹn ni wọ́n ti gé ẹ̀ka, tí wọ́n lọ́ ọ mọ́ gbòǹgbò tuntun, tí wọ́n sì gbìn ín sínú oko wọn. Wọ́n mọ̀ pé òfin kò fẹ́ ẹ, síbẹ̀ wọ́n gbìn ín.

Ẹ wá wo àwọn tó kín wọn lẹ́yìn. Ní abúlé Percoto tí kò jìnnà síbẹ̀, ìdílé Nonino wà, àwọn tó ń se grappa. Ọtí líle ni grappa, èèpo àti ìdọ̀tí èso àjàrà tí wọ́n ti fún ni wọ́n ń fi sè é, bí àwọn ará wa ti ń se ògógóró láti inú ẹmu. Benito Nonino àti ìyàwó rẹ̀ Giannola rí i pé bí àwọn èso ilẹ̀ Friuli bá kú, ọtí ilẹ̀ Friuli kú nìyẹn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá 1975, wọ́n dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Risit d'Âur, ìyẹn ọ̀dọ́ ẹ̀ka àjàrà oníwúrà. Ta ni wọn yóò fún? Ẹni tó bá gbin àwọn èso tí òfin kò gbà kí wọ́n gbìn! Schioppettino wà nínú wọn, Pignolo wà nínú wọn, àti ọ̀kan tó ń jẹ́ Tazzelenghe, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ "a-gé-ahọ́n" nítorí bí ó ṣe máa ń kan tó. (Èmi ti tọ́ ọ wò. Wọn kò purọ́ mọ́ ọn.) Ní 1976 wọ́n kọ́kọ́ pín ẹ̀bùn náà, tọkọtaya Rapuzzi ni wọ́n sì fún. Ìjọba ní arúfin ni wọ́n, àwọn aládùúgbò fún wọn ní ẹ̀ka wúrà.

Ọdún 1976 yẹn gan-an, ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún, ilẹ̀ mì ní Friuli. Ènìyàn bí 990 ni ó kú, ilé wó lọ bẹẹrẹ. Ẹnikẹ́ni ì bá sọ pé ọ̀rọ̀ wáìnì tán. Ṣùgbọ́n ní 1977, Ronchi di Cialla ṣe Schioppettino tirẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tó sì di 1978, òfin yí padà, wọ́n fún èso náà láyè. Ẹ̀bùn Nonino kò kú síbẹ̀, ó dàgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn òǹkọ̀wé náà. Ní 2001, wọ́n fún Ngũgĩ wa Thiong'o, ará Kenya, ọkùnrin tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ tó sì fi èdè Gĩkũyũ ìyá rẹ̀ kọ ìtàn. Èmi tí mo ń fi Yorùbá kọ eléyìí, mo ka ìyẹn, mo sì jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó ti tó wàyí, ẹ jẹ́ kí a mu ún.

Nígbà tí Bàbá bu wáìnì náà sínú gíláàsì mi, àwọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu: ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí omi sobo, etí rẹ̀ sì fẹ́ dà bí àwọ̀ elésè àlùkò. Mo gbé e sí imú. Òórùn èso dúdú wéwé inú igbó ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn rẹ̀ òdòdó, lẹ́yìn òdòdó... mo gbé gíláàsì sọ̀ kalẹ̀, mo wo ọmọ wa. Mo ní, "Ta ló gún ìyèré sínú èyí?" Ọmọ wa bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀, kò sẹ́ni tó gún nǹkan kan sí i." Bẹ́ẹ̀ ni o. Òórùn ata ni, kì í ṣe ata rodo tó ń ta ni, òórùn ata dúdú, ìbátan ìyèré wa gan-an. Ó wà nínú èso náà láti oko.

Kí ẹ má baà sọ pé ọtí ló ń pa mí, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí. Ní 2008, àwọn kan ní Australia wádìí ohun tó ń fún wáìnì mìíràn ní òórùn ata, wọ́n sì rí i pé ohun kan tó ń jẹ́ rotundone ni, òun kan náà ló wà nínú ata dúdú. Nígbà tó yá, àwọn ará Ítálì wá a nínú èso tiwọn, wọ́n sì bá a nínú Schioppettino wàǹtì-wantì. Apá kan nínú ìwádìí Australia yẹn pa mí lẹ́rìn-ín: nínú àwọn tí wọ́n fi dán an wò, bí ẹnì kan nínú márùn-ún kò gbóòórùn rotundone rárá, bó ti wù kí wọ́n fi pọ̀ tó. Ó lè jẹ́ pé imú ọ̀gá wa wà nínú àwọn wọ̀nyẹn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mo dárí jì í ní ìdá kan nínú márùn-ún. Ìdá mẹ́rin tó kù dúró, nítorí kò tilẹ̀ gbé e súnmọ́ imú.

Nínú ẹnu, kò wúwo. Àwọn tó rò pé wáìnì pupa gbọ́dọ̀ nípọn bí ẹ̀kọ gbígbóná, tó gbọ́dọ̀ gbẹ ni lẹ́nu bí orógbó kó tó jẹ́ wáìnì, yóò ní ó fúyẹ́. Ó ń kan díẹ̀, kíkan tó ń jẹ́ kí itọ́ sun lẹ́nu, tó sì ń bá ọ̀rá ẹran jà. Mo jẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó yẹn, mo mu ún, mo tún jẹ, mo tún mu. Àṣé ìdí tí wọ́n fi ń se irú oúnjẹ yẹn ní àgbègbè náà nìyẹn! Oúnjẹ àti ọtí ti ń gbé pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ti mọ ìwà ara wọn. Chianti ọ̀gá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí tábìlì, ọtí tó dára ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, níwájú oúnjẹ yẹn, àlejò ni.

N kò wá pọ́n ọn kọjá bó ti yẹ. Schioppettino ní àléébù. Bí òjò bá pọ̀ jù kí èso tó pọ́n, wáìnì rẹ̀ máa ń rùn bí ewé tútù, ó sì máa ń kan ju bó ti yẹ lọ. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú àgbá igi tuntun pẹ́ títí òórùn igi fi bo gbogbo ata rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó lè jọ wáìnì olókìkí. Àwọn wọ̀nyí ń bí mi nínú ju ọ̀gá lọ. Ọ̀gá kò mọ̀ ọ́n. Àwọn mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń kùn ún lẹ́fun kí ó lè jọ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni kò pọ̀ lọ́jà, kò sì ní pọ̀ láéláé, nítorí orí òkè wọ̀nyẹn kò gbòòrò.

Irú ènìyàn kejì kan tún wà tí mo fẹ́ bá wí kí n tó dákẹ́. Òun kì í ṣe ọ̀gá. Òun ni ẹni tó jẹ́ pé gbàrà tí ó bá gbọ́ pé 60 sí 70 igi péré ló kù nígbà kan, inú rẹ̀ á dùn, á ní kí wọ́n gbé e wá, nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ kò ní irú rẹ̀. Kò fẹ́ wáìnì náà, ọ̀wọ́n rẹ̀ ni ó fẹ́. Bí gbogbo ayé bá mọ̀ ọ́n lọ́la, á sọ ọ́ nù, á lọ wá òmíràn. Òun àti ọ̀gá, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹnì kan ń mu orúkọ, èkejì ń mu àìlórúkọ. Kò sí ẹni tó mu wáìnì nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ óò ní, "Kí ló kàn wá nínú èso àjàrà àwọn ará Ítálì?" mo gbọ́ yín. Kò kàn yín, tí kì í bá ṣe pé ẹ ti ń mu wáìnì wọn tipẹ́. Níbi ìgbéyàwó, níbi ọjọ́ ìbí, mo rí i lórí tábìlì yín. Mo sì rí bí ẹ ṣe ń yà á: ẹ ń wo iye owó rẹ̀, ẹ ń wo orúkọ tí àlejò yóò kà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju èyí lọ: orílẹ̀-èdè Ítálì ní irú èso àjàrà tó lé ní 500 tí wọ́n kọ sínú ìwé. Mélòó lẹ ti tọ́ wò? Méjì? Mẹ́ta? Bí ẹ bá dé òkè òkun, tí ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ sì rí orúkọ tó le lẹ́nu yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Bí ó bá jẹ́ Schioppettino, Prepotto tàbí Cialla ni kí ẹ wá lára ìwé ara rẹ̀. Ẹ má gbé e sínú yìnyín bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ má sì jẹ́ kí ó gbóná nínú ooru ilé wa. Fi í sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó tutù díẹ̀, bí ìwọ̀n 16 sí 18 lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru. Ẹran ìgbẹ́ ni kí ẹ fi tì í, tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tàbí pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n sun.

Mo padà lọ kí Bàbá kí n tó kúrò ní Manzano. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n èdè kò jẹ́. Ọmọ wa ṣe ògbufọ̀, mo sì rí i pé ó ń gé ọ̀rọ̀ mi kúrú. Bàbá kàn ń mi orí. Ó béèrè bóyá ọ̀gá ra àga. Mo ní ó rà á. Ó ní ó dára, àga ibẹ̀ dára, ọjọ́ pípẹ́ ni yóò lò. Ó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilé, ó sì gbé bọ́tìlì mẹ́ta gòkè wá. Mo fẹ́ sanwó, ó bínú, mo yára dá owó padà sápò.

Mo ti mu méjì. Ọ̀kan kù nínú àpótí mi, mo fi aṣọ òfì dì í kí ooru má baà bà á jẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀gá ń ka ìwé yìí lóṣooṣù, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lórí tábìlì ọjọ́ náà. Ọ̀gá, ẹ wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. N ó ṣí i fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ óò ra ẹran ìgbẹ́ wá.